Àwo Orin Tí Kọ̀ǹpútà Gbà, Tí Sítẹ́ríò Kọ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Bàbá mi ní sítẹ́ríò kan tí wọ́n rà ní ọdún 1992, òun ni wọ́n sì fi ń gbọ́ orin jùjú títí di òní. Mo kó àwọn orin MP3 tó lé ní ọgọ́rùn-ún jọ, mo sì fi kọ̀ǹpútà bọ́ọ̀nù wọn sínú àwo CD-RW kan. Ó ń kọrin geere nínú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n sítẹ́ríò bàbá á yí i díẹ̀, á dúró, á sì kọ «NO DISC» sójú. Ṣé sítẹ́ríò ló ti bàjẹ́ ni? Òǹkàwé kan, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Bí sítẹ́ríò náà bá ṣì ń gbé CD tí ẹ rà lọ́wọ́ àwọn olórin láìsí wàhálà, kò bàjẹ́, àwo tí ẹ fi sí i lẹ́nu ni kò mọ̀. Iná laser tí ẹ̀rọ fi ń ka CD gbọ́dọ̀ ta padà láti ara àwo kí ẹ̀rọ tó rí ohunkóhun kà. CD tí ilé-iṣẹ́ tẹ̀ jáde máa ń dá nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 iná náà padà, ó kéré tán, CD-R tí a kì í kọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kò sì jìnnà sí i, ṣùgbọ́n CD-RW, tí a lè pa ohun inú rẹ̀ rẹ́ kí a tún un kọ, kì í dá ju ìdá 15 sí 25 padà. Ọdún 1997 ni irú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, nítorí náà àwọn tó ṣe sítẹ́ríò bàbá yín kò tilẹ̀ rò ó mọ́ ọn.

Bí ẹ bá pààrọ̀ àwo tán, MP3 ṣì kù, nítorí pé ìró tí a ti fún pọ̀ kí fáìlì lè kéré ni. Ìlànà tí Philips àti Sony gbé kalẹ̀ ní 1980 nìkan ni sítẹ́ríò ayé ìgbà náà gbọ́: ìró tí a kò fún pọ̀ rárá, tí a wọ̀n nígbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìdí nìyí tí àwo kan kì í fi í gbà ju orin ìṣẹ́jú 80 lọ, bó ti wù kí fáìlì yín kéré tó. Bí orin jùjú ṣe máa ń gùn tó nì, tí ojú kan àwo rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́ lè jẹ́ orin kan ṣoṣo, ẹ lè máà rí ju mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ gbé sí i. Ẹ jẹ́ kí bàbá fúnra wọn yan èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù.

Ẹ ra CD-R oníṣẹ́jú 80. Bí ẹ bá ń lo Windows Media Player, «Audio CD» ni kí ẹ yàn, kì í ṣe «Data CD», nítorí pé àṣàyàn àkọ́kọ́ yìí ni yóò tú MP3 padà sí irú ìró tí sítẹ́ríò mọ̀. Níbi tí ètò bá ti bi yín nípa «Finalize», ẹ gbà fún un, torí pé àwo tí a kò tì pa kì í ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ àtijọ́. Ní ti eré tí kọ̀ǹpútà yóò fi kọ àwo náà, 8x tàbí 16x (ìlọ́po mẹ́jọ tàbí mẹ́rìndínlógún eré tí a fi ń gbọ́ orin) dára. Àwọn tó ní kí a máa lo èyí tó rọra jù lọ ń sọ̀rọ̀ nípa àwo ayé àtijọ́, èyí tí wọ́n ń tà báyìí ni a ṣe fún eré.

Ẹ má lẹ bébà mọ́ ojú rẹ̀ o, kí ó má baà máa gbọ̀n bó bá ń yí. Bírò ẹlẹ́nu rírọ̀ (marker) ni kí ẹ fi kọ orúkọ sí i.