Èsì: Ọ̀kadà tí kò lágbára mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ha hẹ́ẹ̀dì rẹ̀

Ẹ kú ìbéèrè o, ará Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ ní láti ìgbà tí mẹkáníìkì ti ha ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ hẹ́ẹ̀dì (ìdérí orí ẹ́ńjìnnì) fẹ̀ ni ọ̀kadà yín kò ti lágbára mọ́ bí ẹ bá ń rọra lọ. Híha yẹn gan-an ni! Ihò tó fẹ̀ jù máa ń dín eré afẹ́fẹ́ kù, afẹ́fẹ́ náà kò sì ní lè yí bírí mọ́ nínú sílíńdà (ibi tí epo ti ń jó nínú ẹ́ńjìnnì). Yíyí yẹn ló ń mú kí iná púlọ́ọ̀gì tètè ràn káàkiri. Láìsí i, pístínì (irin tó ń lọ sókè-sódò nínú sílíńdà) á ti máa sọ̀kalẹ̀ kí epo tó jó tán. Lórí eré, bíi lọ́nà Ìlọrin, ẹ lè má fura rárá.

Ẹ wá hẹ́ẹ̀dì tí wọn kò tíì ha. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n dán ihò náà bíi dígí, nítorí epo á máa lẹ̀ mọ́ ọn lára. Sáńpépà nọ́ńbà 80, tó le lára, ti tó.