Igi ìbílẹ̀ wo ni kí n gbìn sílé tuntun? Ẹ kọ́kọ́ wo ilẹ̀ yín ná

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ mi. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọ ilé wa ní Ìbẹ̀ṣẹ̀, ní Ìkòròdú, lórí ilẹ̀ tí wọ́n fi yanrìn ọ̀sà kún. Mo fẹ́ igi kúkúrú kan sí iwájú ilé, ti ìbílẹ̀ wa ni mo sì fẹ́, torí mo gbọ́ pé igi ìbílẹ̀ kì í béèrè omi, kì í béèrè ajílẹ̀, kéèyàn ṣáà ti gbìn ín ni. Ẹni tó ń ta òdòdó ní kí n gbin làpálàpá, pé ti àwọn baba wa ni. Mo gbin agbayun méjì lọ́dún tó kọjá, méjèèjì ló kú. Èwo ni kí n gbìn?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú ilé tuntun o. Ilé á tura.

Ẹ jẹ́ kí n yára mú ti làpálàpá kúrò nílẹ̀. Kì í ṣe igi ilẹ̀ wa. Ọ̀nà Mẹ́síkò lọ́hùn-ún ló ti wá, ó kàn ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa ni. Igi tí wọ́n ń pè ní masquerade, tí wọ́n ń tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì káàkiri estate, Íńdíà àti Sri Lanka ni tirẹ̀. Gúúsù Amẹ́ríkà ni bougainvillea ti wá. Kódà àgbọn tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ Àgbádárìgì, àwọn Potogí ló gbé e dé etíkun wa. Kò sí èèwọ̀ nínú kéèyàn gbin igi àlejò, àmọ́ kóró làpálàpá ní oró. Bí ọmọdé bá jẹ ẹ́, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ló máa tẹ̀lé e. Ilé tí àwọn ọmọ-ọmọ á ti máa wá lo ìsinmi, mi ò lè fọwọ́ sí i níbẹ̀.

Èyí tó ń bí mi nínú gan-an ni ọ̀rọ̀ pé igi ìbílẹ̀ kì í béèrè nǹkan kan. Àwọn tó ń ta igi lójú títì ló ń tàn án kálẹ̀. Wọ́n á tà á fún yín, wọn ò ní bi yín léèrè irú ilẹ̀ tẹ́ ẹ ní. Bí igi bá kú, wọ́n á ní ọwọ́ yín ni ò yá igi, wọ́n á sì tún ta òmíràn fún yín. Màmá, kò sóhun tó ṣe ọwọ́ yín.

Igi tó dúró dáadáa nínú igbó Ìmọ̀tà kò ṣàdédé dúró. Ọdọọdún ni ewé ń wọ́ sí i nídìí, tó ń jẹrà, tó sì ń di ajílẹ̀ rẹ̀. Àwọn igi ńlá ń ṣíji bò ó. Ibi tí kóró rẹ̀ bọ́ sí náà ló hù sí, gbòǹgbò rẹ̀ sì ti wá omi lọ sísàlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ rà nínú ọ̀rá ńkọ́? Gbogbo gbòǹgbò tó ní ò ju ìkúnwọ́ méjì lọ. Ẹ wá gbé e sójú oòrùn, sórí yanrìn tí ẹ̀rọ fà jáde lábẹ́ ọ̀sà. Lóòótọ́, ilẹ̀ wa ni agbayun ti wá, àmọ́ ilẹ̀ tó wà níwájú ilé yín kì í ṣe ilẹ̀ tó mọ̀ rí.

Ẹ bu yanrìn yẹn sí àtẹ́lẹwọ́, kẹ́ ẹ wò ó dáadáa. Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ rí ẹ̀rún ìkarahun nínú rẹ̀. Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn ní ẹsẹ̀ bàtà kan, kẹ́ ẹ da omi kún un. Bí omi náà bá ti rá mọ́ yín lójú kẹ́ ẹ tó yí padà, bí ajílẹ̀ tẹ́ ẹ bá dà síbẹ̀ náà ṣe máa bá omi lọ nìyẹn. Bó bá wá di ọjọ́ kejì tí omi ṣì dúró, omi abẹ́ ilẹ̀ ti sún mọ́ òkè, ìyẹn sì jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Agbayun fẹ́ràn ilẹ̀ tó kan, ìyẹn ilẹ̀ tí pH rẹ̀ (òǹkà tí wọ́n fi ń mọ bí ilẹ̀ ṣe kan tó) wà láàárín 4.5 sí 5.8. Ìkarahun inú yanrìn àti sìmẹ́ǹtì tí àwọn bíríkìlà dà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri máa ń pa kíkan yẹn. Ewé á máa pọ́n, iṣan inú rẹ̀ nìkan ni yóò ṣẹ́ kù ní àwọ̀ ewé tútù, lẹ́yìn náà etí ewé á gbẹ. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tiyín ṣe kí wọ́n tó kú, ilẹ̀ ló pa wọ́n. Ẹni tó ń gbé lórí ilẹ̀ pupa àtijọ́ ní Odógunyàn tàbí Ìmọ̀tà lè gbìn ín sábẹ́ ìbòòji, kó sì fara balẹ̀ fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin kó tó so. Ẹ̀yin, ẹ fi í sílẹ̀ ná, àfi bẹ́ ẹ bá fẹ́ gbìn ín sínú ìkòkò ńlá.

Èyí tí mo máa gbìn bó bá jẹ́ iwájú ilé yín ni pèrègún. Igi ilẹ̀ wa ni, ó ń fara da ọ̀gbẹlẹ̀ bó bá ti fìdí múlẹ̀, ẹ lè gé e sí ìwọ̀n tó wù yín, igi rẹ̀ tẹ́ ẹ bá sì gé á tún hù. Bẹ́ ẹ bá ní ajá, ẹ má jẹ́ kó máa jẹ ewé rẹ̀. Ẹ fi ewúro sí ẹ̀gbẹ́ ilé, òun náà ò ṣòro, ẹ ó sì máa já a sọ́bẹ̀. Bó bá jẹ́ òdòdó lojú yín ń fẹ́, mussaenda pupa jẹ́ ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níbí, ṣùgbọ́n ó fẹ́ omi ju àwọn yòókù lọ. Akòko dára púpọ̀, àmọ́ bí wọn ò bá ń gé e, á di igi ńlá. Ẹ má gbìn ín sábẹ́ wáyà iná tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ sòkàwéè. Asòféyẹjẹ náà jẹ́ tiwa, oró wà nínú rẹ̀, nítorí náà mi ò ní kẹ́ ẹ gbìn ín.

Oṣù kẹrin sí ìkẹfà ni kẹ́ ẹ gbin igi tẹ́ ẹ bá mú, kí gbòǹgbò lè rìn kí ọyẹ́ tó dé. Ẹ gbẹ́ ihò tó fẹ̀, tó sì jìn ní ẹsẹ̀ bàtà méjì, kẹ́ ẹ kó yanrìn ibẹ̀ kúrò. Ẹ fi ilẹ̀ dúdú àti ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà dáadáa dí i, torí tútù rẹ̀ máa ń jó gbòǹgbò. Ẹ kó ewé gbígbẹ bo ìdí igi, kó má kan ara igi fúnra rẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́, ẹ máa bomi rin ín ní ọjọ́ méjì méjì láìyẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, ẹ lè dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni àǹfààní pé igi jẹ́ ti ìbílẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Mi ò tíì fojú rí ilẹ̀ yín o. Bí àwọn igi tẹ́ ẹ fẹ́ gbìn bá pọ̀, ẹ kọ́kọ́ gbé iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ ilẹ̀ wò, kí wọ́n wo iyọ̀ àti pH rẹ̀. Títí dìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní kẹ́ ẹ da ẹ̀kún ọwọ́ yúríà, ìyẹn ajílẹ̀ oníkẹ́míkà, sídìí igi tó ń pọ́n, ẹ má gbà. Lórí yanrìn gbígbẹ, ṣe ló máa jó o.