Ìbéèrè Nípa Àṣà: Òwe «Orin Ní Í Ṣíwájú Ọ̀tẹ̀» àti Orin Inú Fíìmù Ìfẹ́

Òǹkàwé kan láti Ọ̀fà béèrè ohun tí òwe «Orin ní í ṣíwájú ọ̀tẹ̀» túmọ̀ sí gan-an, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá ó tọ́ kí a pa á nípa orin inú fíìmù ìfẹ́ tó ń pani lẹ́rìn-ín. Ó tọ́ dáadáa.

Inú agbo ilé ni òwe yìí ti ń ṣiṣẹ́ jù lọ. Níbi tí ìyálé àti ìyàwó bá jọ ń gbé ní Ìlọrin, ìjà kì í ṣàdédé bẹ́ sílẹ̀. Ìyálé á máa gbálẹ̀ láàárọ̀, á fi orin sẹ́nu, kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, kò ní wojú ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ìyàwó tó ń fọ abọ́ lẹ́bàá kànga ti mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí. Bó bá di ìrọ̀lẹ́ tí àwọn ọmọdé ti ń gbe orin náà, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní abẹ́lẹ̀. Ọ̀tẹ̀ tí òwe ń wí, nígbà náà, kì í ṣe ogun nìkan. Ohunkóhun tí a ń gbèrò nínú, tí ẹnu kò tíì lè sọ, wà níbẹ̀, ìfẹ́ sì wà lára rẹ̀.

Ẹ wo fíìmù My Best Friend's Wedding, tí P. J. Hogan darí, tó jáde lọ́dún 1997. Julia Roberts ló ṣe Julianne, ẹni tó ń dọ́gbọ́n àtida ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀ ọkùnrin rú nítorí pé òun náà fẹ́ràn rẹ̀. Kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ìyàwó kan àti àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó mẹ́ta ti ń kọ orin àtijọ́ kan tó ń sọ fún obìnrin pé ríronú àti gbígbàdúrà nìkan kò lè gbé e dé àyà ọkùnrin. Ohun tó ń ṣe Julianne gan-an nìyẹn: ó dákẹ́ títí ẹlòmíràn fi fẹ́ gba ọkùnrin náà.

Èyí tó dùn jù wáyé nílé oúnjẹ. George, tí Julianne parọ́ pé àfẹ́sọ́nà òun ni, jókòó láàárín àwọn ẹbí ìyàwó, ó ń rojọ́ irọ́, ló bá fi orin bọ̀ ọ́: I Say a Little Prayer, tí Burt Bacharach àti Hal David kọ, tí Dionne Warwick sì sọ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká lọ́dún 1967. Ẹnì kan gbè é, èkejì gbè é, títí odindi tábìlì àti àwọn tí kò tilẹ̀ mọ̀ wọ́n rí fi ń kọrin, tí ojú wá ń ti Julianne nìkan. Ẹni tó bá ti dúró nínú agbo dadakúàdà, orin ìbílẹ̀ Ìlọrin, tí Odòlayé Àrẹ̀mú ń kọ, mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ yìí, lílé àti ègbè ni. Orin tuntun kò lè ṣe é láéláé, nítorí pé ẹnikẹ́ni kì í gbe orin tí kò gbọ́ rí.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá wa ti ń dùn mí. Wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ orin fún fíìmù, orin náà á sì ròyìn ìtàn láti orí dé ẹsẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí òǹwòran fi mọ ẹni tí yóò fẹ́ ta ni kí ọmọkùnrin tó lanu. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn obìnrin oníwákà wà nílé, tí orin wọn ń dún níbi wòlímọ̀ àti ìgbéyàwó. Bí olùdarí kan bá fi irú orin bẹ́ẹ̀ sẹ́yìn ọmọbìnrin tó ń gba iwájú ilé ọmọkùnrin kan kọjá ní àdúgbò Pákátà ní Ìlọrin, tí àwọn méjèèjì kò tíì kíra, ẹ̀rín á ti sọ lẹ́nu àwọn òǹwòran láti Ìlọrin dé Òmù-Àrán.

Kìkì pé kí olùdarí bẹ́ẹ̀ gba ìyọ̀ǹda méjì: ti ẹni tó kọ orin náà tàbí àwọn àrólé rẹ̀, àti ti ẹni tó ni àwo tí wọ́n gbà á sí.