Iná ló ń bọ́ èkan, ibòòji ló ń pa á

Àbúrò mi tó ní oko lọ́nà Ìkòyí-Ilé béèrè pé kí ló dé tí koríko èkan fi ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún, bó ti ń sun ún tó. Èmi náà ti bá èkan fà á lórí ilẹ̀ bàbá mi níbí l'Ógbòmọ̀ṣọ́. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Jọ̀wọ́, má sun ún mọ́. Ewé nìkan ni iná ń rí jó. Abẹ́ ilẹ̀ ni ẹ̀mí èkan wà, níbi tí gbòǹgbò funfun rẹ̀ ti nà káàkiri, tí ṣóńṣó rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́. Mo ti wa iṣu tó gún ní àgúnyọ, ojú ihò yẹn ni iṣu sì ti ń jẹrà. Bí iná bá kọjá tán, kíá ni èkan á rúwé, á tanná, afẹ́fẹ́ á gbé irúgbìn rẹ̀ dé oko ẹlòmíràn. Àwọn ọmọ igi irúgbá àti igi ẹ̀mí, ìyẹn igi òrí, tí ì bá dàgbà ṣíji bò ó, iná yẹn kan náà ló ń pa wọ́n ní kékeré. Katakata kò sàn jù bẹ́ẹ̀: gbòǹgbò tó bá gé wẹ́wẹ́, èkan tuntun ni.

Láyé àwọn bàbá wa, ilẹ̀ máa ń sinmi títí igbó á fi dí. A ò fún un láyè yẹn mọ́, ilẹ̀ sì ti ń ṣá. Oòrùn gbalasa, iná, ilẹ̀ tí kò sinmi: àwa la ń fi ọwọ́ ara wa sìn èkan.

Ibòòji ló bá mi ṣẹ́gun rẹ̀. Apá tí mo dáàbò bò lọ́wọ́ iná, ewé Akíntọ́lá ló kọ́kọ́ gbà á. Àwọn èèyàn ń bú ewé yìí. Èmi ò tu ú, nítorí bó bá ti dí, èkan abẹ́ rẹ̀ á máa kú díẹ̀díẹ̀. Níbi tí mi ò lè fi sílẹ̀ kó sinmi, mo gbin wèrèpè oko, èyí tí kì í yúnni, sáàárín àgbàdo. Jẹ́ kí àgbàdo ga dáadáa kí o tó gbìn ín, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ á lọ́ ọ pa. Òun náà ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ gúúsù orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ fi gba ilẹ̀ wọn lọ́wọ́ èkan. Jogbo etí títì, ewé olódòdó yẹ́lò yẹn, sì wà lọ́fẹ̀ẹ́: gé e kó tó tanná, fi bo ẹsẹ̀ àgbàdo, ilẹ̀ á lọ́ràá.

Kí oṣù kọkànlá tó parí, ro etí oko yíká kó fẹ̀, kí iná ọyẹ́ má ráyè wọlé. Tètè bá àwọn ọdẹ tó ń sungbó níbẹ̀ sọ̀rọ̀.