Ẹni tó fọwọ́ ara ẹ̀ rọ ẹ̀wù irin: kíláàsì wo ni kó mú nínú D&D?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. A fẹ́ bẹ̀rẹ̀ géèmù D&D tuntun (Dungeons & Dragons, eré ìtàn orí tábìlì tá a fi ń ju dáìsì) láti lẹ́fẹ́ẹ̀lì 1, òfin 5e, ìyẹn ẹ̀dà karùn-ún, ti 2014 la fẹ́ lò. Kárẹ́kítà tó wà lọ́kàn mi ni obìnrin kan tí kò lágbára rárá, ọpọlọ ló ní, òun fúnra ẹ̀ ló rọ ẹ̀wù irin tó ń wọ̀ jà, oríṣiríṣi nǹkan sì máa ń jáde lára ẹ̀wù yẹn. Ẹnì kan ní kí n mú kíláàsì Fighter, ìyẹn jagunjagun, torí ẹ̀wù irin, ẹlòmíì ní Wizard, ìyẹn oṣó, torí ọpọlọ, ẹnì kẹta ní kí n pa méjèèjì pọ̀. Orí mi ti dàrú, ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n mú?

ÌDÁHÙN: Àbúrò, o ṣeun. Àwọn tó gbà ẹ́ nímọ̀ràn yẹn ò burú o, ẹ̀wù irin lẹ́nì kan wò, ọpọlọ lẹ́nìkejì wò, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó wo ohun tí obìnrin yìí á máa ṣe gan-an tó bá ti kàn án láti jà. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni kí n máa darí géèmù fáwọn èèyàn, ohun tí mo sì máa ń kọ́kọ́ bi ẹni tó bá gbé irú kárẹ́kítà yìí wá ni pé, tí wọ́n bá bọ́ ẹ̀wù yẹn kúrò lára ẹ̀, kí ló kù? Bọ́ ẹ̀wù lára Fighter, Fighter náà ṣì ni, á gbé idà ẹ̀ á máa bá iṣẹ́ lọ, torí AC lásán (iye tí dáìsì ọ̀tá gbọ́dọ̀ bá kó tó lè lù ú) ni ẹ̀wù jẹ́ fún un, kò sì yàtọ̀ sí èyí tí sọ́jà tó ń ṣọ́ ẹnubodè wọ̀. Wizard ní tiẹ̀, ìwé ọfọ̀ ló gbé e ró, tó bá sì lọ wọ ẹ̀wù irin tí kò kọ́ lílò ẹ̀, kò ní lè pe ọfọ̀ kankan rárá, òfin ló sọ bẹ́ẹ̀. Tìẹ yìí wá ńkọ́? Inú ẹ̀wù yẹn gan-an lo kó gbogbo èèyàn náà sí. Torí náà kíláàsì tó o fẹ́ ni èyí tí agbára ẹ̀ wà nínú ẹ̀wù lóòótọ́, tó tún jẹ́ pé Intelligence (ọpọlọ) ló fi ń lu ọ̀tá, kì í ṣe Strength (agbára ara). Ẹyọ kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó ṣe méjèèjì pọ̀ nínú 5e, òun ni Artificer (oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń fi idán sínú nǹkan), ẹ̀ka Armorer.

Kó o tó máa yọ̀ ṣá, kọ́kọ́ bi DM yín, ẹni tó ń darí géèmù, ná. Artificer ò sí nínú Player's Handbook ti 2014, ìwé Eberron ti 2019 ló gbé e wọ 5e, Armorer sì wá tẹ̀lé e nínú Tasha's Cauldron of Everything ní 2020. Àwọn DM kan wà tí wọn ò fẹ́ gbọ́ orúkọ Artificer sétí, wọ́n rò pé ìbọn àti ẹ́ńjìnnì ló fẹ́ kó wọ inú ayé àwọn. Tí tìẹ bá jẹ́ irú ẹ̀, ṣàlàyé fún un pé idán ló wà nínú ẹ̀wù yìí, alágbẹ̀dẹ tó gbọ́ idán ni ẹ, kò sí ẹ́ńjìnnì kankan níbẹ̀.

Lẹ́fẹ́ẹ̀lì 3 ni adùn ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ lo ti máa mọ ẹ̀wù irin tó wúwo lò, tí irinṣẹ́ alágbẹ̀dẹ bá sì ti wà lọ́wọ́ ẹ, wàá lè sọ ẹ̀wù tó o wọ̀ di Arcane Armor, látìgbà yẹn lọ Strength tí ẹ̀wù náà ń béèrè ò kàn ẹ́ mọ́. Plate, ẹ̀wù irin tó bo gbogbo ara, tó ń béèrè Strength 15, ẹni tó ní 8 á wọ̀ ọ́ ìrìn ẹ̀ ò sì ní falẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè fipá bọ́ ọ lára ẹ, ìwọ fúnra ẹ á sì máa wọ̀ ọ́ tàbí bọ́ ọ ní action kan péré (ìṣe kan nígbà tó bá kàn ẹ́ nínú ìjà), nígbà tó jẹ́ pé ìṣẹ́jú 10 làwọn yòókù fi ń há plate mọ́ra. Òfin yẹn tún sọ pé tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan bá ti gé lára ẹni tó wọ̀ ọ́, ẹ̀wù náà á dípò ẹ̀. Mo fẹ́ràn gbólóhùn yẹn ju gbogbo ọ̀rọ̀ AC lọ, torí pé ìdí tóbìnrin kan fi jókòó rọ ẹ̀wù lè ti ibẹ̀ yẹn wá, ìwọ lo mọ̀.

Lẹ́yìn náà wàá yan irú ẹ̀wù tó fẹ́ jẹ́, méjì ni wọ́n. Guardian ni ti ẹni tó fẹ́ dúró níwájú: ìbọ̀wọ́ irin ẹ á di ohun ìjà, ìpalára ààrá 1d8 (dáìsì olójú mẹ́jọ kan), ọ̀tá tó o bá sì fi gbá á máa ní disadvantage (á ju dáìsì méjì, èyí tó kéré ló máa mú) tó bá fẹ́ kọjú sí ẹlòmíì yàtọ̀ sí ẹ, títí á fi tún kàn ẹ́. Ìyẹn ni pé o ti fi ọ̀rọ̀ náà sí i lọ́rùn, kó lu ìwọ tí AC ẹ ga tàbí kó máa lu afẹ́fẹ́. O tún lè fi bonus action (ìṣe kékeré tó wà yàtọ̀ sí action) fún ara ẹ ní temporary HP (ẹ̀mí àfikún onígbà díẹ̀) tó tó lẹ́fẹ́ẹ̀lì ẹ, iye ìgbà tó o lè ṣe é kó o tó sùn ni iye proficiency bonus ẹ (iye tí ìmọ̀ ẹ ń fi kún dáìsì). Infiltrator ní tiẹ̀ máa ń ta mànàmáná láti igbáàyà tàbí ọwọ́ ẹ̀wù, 1d6, ó ń dé ẹsẹ̀ bàtà 90 láìsí ìṣòro, ẹ̀ẹ̀kan nínú kíkàn ẹ kọ̀ọ̀kan wàá tún fi 1d6 lé e. Ìrìn ẹ á fi ẹsẹ̀ bàtà 5 yá sí i, wàá sì ní advantage (dáìsì méjì, èyí tó pọ̀ lo máa mú) lórí Stealth, ìyẹn yíyọ́ rìn, èyí tó máa pa disadvantage tí plate ń fà rẹ́, wọ́n á wá jẹ́ ọgbọọgba. Ìbọ̀wọ́ yẹn ò, mànàmáná yẹn ò, Intelligence lo máa fi lu méjèèjì.

Má jẹ́ kí yíyàn yẹn rú ẹ lójú jù, torí gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ti sinmi, ì báà jẹ́ short rest, ìsinmi kúkurú, o lè fi irinṣẹ́ ẹ yí i padà sí ìkejì. Ṣùgbọ́n tó o bá ní kí n mú ọ̀kan, Guardian ni màá mú tí ẹgbẹ́ yín ò bá ní ẹni tó lè gba ìyà, torí ohun tó ń ṣe hàn sí gbogbo ẹni tó jókòó sídìí tábìlì, tí Infiltrator kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ohun kan tún wà o: ìbọ̀wọ́ yẹn ò gbọ́dọ̀ di nǹkan kan mú kó tó jẹ́ ohun ìjà, nítorí náà asà lọ́wọ́ kan, ọwọ́ kejì lófo. Ẹni tó bá sì sọ fún ẹ pé kó o máa fi ọfọ̀ Booming Blade lù wọ́n, ọfọ̀ yẹn ń béèrè ohun ìjà tó tó fàdákà kan lówó, ìbọ̀wọ́ yìí ò sì ní iye kankan nínú ìwé, DM yín ló máa dá ẹjọ́ yẹn.

Níwájú, lẹ́fẹ́ẹ̀lì 5 ni wàá máa lù lẹ́ẹ̀mejì, 9 ni wọ́n á ka ẹ̀wù náà sí igbáàyà, bàtà, àṣíborí àti ohun ìjà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tó o lè fi infusion sí (idán tí Artificer ń fi sínú nǹkan). Tí fífò bá wà lọ́kàn ẹ (mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀), ọfọ̀ Fly á wọlé ní 9, o sì lè ṣe Winged Boots ní 10. Ó pẹ́ díẹ̀, mo gbà.

Wàhálà gidi tó wà nínú ẹ̀ ni lẹ́fẹ́ẹ̀lì 1 àti 2, torí pé o ò tíì di Armorer nígbà yẹn, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń sáré lọ mú Fighter kan ṣíwájú. Fighter á fún ẹ ní ẹ̀wù tó wúwo lójú ẹsẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n chain mail tiẹ̀ (ẹ̀wù ẹ̀wọ̀n irin) ń béèrè Strength 13, tí o ò bá ní i, ẹsẹ̀ bàtà 10 á yọ kúrò nínú ìrìn ẹ, gbogbo nǹkan Artificer á sì fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì kan pẹ́ dé. Kí lo wá jèrè? Dúró sínú Artificer. Scale mail (ẹ̀wù ìpẹ́ irin) wà lára ẹrù tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú Dexterity (ìyára ara) 14 AC ẹ ti di 16, ra asà ní góòlù 10, ó di 18, ká sọ tòótọ́ Fighter tó wọ chain mail tó sì gbé asà, 18 yẹn náà ló ní lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àfi tó bá mú Defense tó fi 1 lé e. Mú Fire Bolt, Intelligence ló ń lò, kó o sì máa sọ ọ́ bíi pé láti ọrùn ọwọ́ ẹ̀wù ló ti ń jáde, DM tó máa bínú sí ìyẹn ò wọ́pọ̀. Ní lẹ́fẹ́ẹ̀lì 2, fi infusion tó ń jẹ́ Enhanced Defense sí ẹ̀wù náà, ó fi 1 lé AC. Nínú ìtàn, scale mail yìí ni àkọ́rọ, èyí tí kò tíì rí bó ṣe fẹ́ kó rí, ó ń tún un ṣe lálaalẹ́, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá dé lẹ́fẹ́ẹ̀lì 3 ló tó ṣiṣẹ́.

Àwọn tó kù, mi ò ní fa ọ̀rọ̀ gùn. Cleric (àlùfáà) Forge Domain jẹ́ alágbẹ̀dẹ tòótọ́, ó sì máa ń wọ ẹ̀wù tó wúwo láti lẹ́fẹ́ẹ̀lì 1, àmọ́ Wisdom (ọgbọ́n) ló ń lò, òrìṣà ló sì ń fún un lágbára, kì í ṣe ọpọlọ ara ẹ̀. Battle Smith, ẹ̀ka Artificer míì, dára tó bá jẹ́ pé nǹkan onírin tó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ lo fẹ́ ṣe, kì í ṣe èyí tó o máa wọ̀.

Tí DM yín bá wá kọ̀ jálẹ̀, tẹ́ ẹ sì lè gba géèmù míì láyè, Pathfinder ẹ̀dà kejì ní kíláàsì kan tó ń jẹ́ Inventor, inú Guns & Gears ti 2021 ló wà, àtilẹ́fẹ́ẹ̀lì 1 lo ti máa yan ẹ̀wù irin gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọwọ́ ẹ. Ìyẹn tiẹ̀ dùn ju Artificer lọ lápá kan: àwọn nǹkan tó lágbára jù lára ẹ̀ kì í ṣe é fọkàn tán, tó o bá lò wọ́n, dáìsì ló máa sọ bóyá wàá tún lè lò wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì lè bú gbàù mọ́ ẹ lára. Fún ẹni tó fẹ́ kí ìṣẹ̀dá òun máa dójú ti òun nígbà míì, kò sí èyí tó tó o. Àmọ́ Strength tàbí Dexterity ló fi ń lu èèyàn, kì í ṣe Intelligence, nítorí náà obìnrin tìẹ tí kò lágbára yẹn máa ní láti yára lẹ́sẹ̀ àti lọ́wọ́.

Tẹ́ ẹ bá ń lo point buy (fífi póìǹtì ra àwọn nọ́ńbà kárẹ́kítà), èyí ni mo máa kọ sílẹ̀: Intelligence 15, Constitution 14, Dexterity 14, Wisdom 12, Strength 8, Charisma 8, ó pé 27 gééré. Plate jẹ́ góòlù 1,500, kò ní tètè tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, chain mail tó jẹ́ 75 ni wàá lò ní lẹ́fẹ́ẹ̀lì 3. Ohun tó kẹ́yìn tó o máa bi DM ni bóyá ó máa ń ka ìwúwo ẹrù, torí Arcane Armor mú Strength kúrò nínú ọ̀rọ̀ wíwọ̀ ni, kò mú ìwúwo kúrò, chain mail ṣì jẹ́ pọ́ùn 55, plate 65. Lábẹ́ òfin tó wọ́pọ̀, ẹni tó ní Strength 8 lè gbé 120, kò sí wàhálà, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ òfin variant encumbrance (òfin tó le jù nípa ìwúwo ẹrù) ló ń lò, tó o bá ti kọjá 40, ẹsẹ̀ bàtà 10 á yọ kúrò nínú ìrìn ẹ, nítorí náà bi í kó o tó kọ 8 yẹn sílẹ̀.