Èsì: Ìdárayá bíi ti ṣọ́jà, ṣé kí n fi í sílẹ̀?

Àbúrò, má fi í sílẹ̀. O ní o bá ẹgbẹ́ tó ń ṣe ìdárayá bíi ti ṣọ́jà sáré lẹ́ẹ̀kan péré ní Àjàṣẹ́, o bì, ọjọ́ kejì o ò lè sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ara tí iṣẹ́ ṣàjèjì sí ló ń ké yẹn. Sinmi ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, kí o padà lọ.

Bó bá jẹ́ pé iṣan ló ń ro ọ́, tí ìrora náà sì ń dínkù lójoojúmọ́, ni mo ń sọ o. Bí àyà bá ń dùn ọ́, tàbí tí ìtọ̀ rẹ dúdú bíi Coca-Cola, ilé ìwòsàn ni kí o gbà lọ lónìí.

Ti èébì yẹn, ìwọ náà lo sọ pé o jẹ iyán àná kí o tó jáde.

Lọ́jọ́ tèmi, iwájú ni mo dúró sí nítorí ojú ayé. Ọ̀gá fọn fèrè, a dojú bolẹ̀ fún pọ́ǹpù, ìyẹn fífi apá ti ara sókè láti ilẹ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kẹfà ni apá mi yẹ̀, mo fi imú lu iyẹ̀pẹ̀ pupa. Ìyá tó ń ta àkàsà lẹ́bàá ọ̀nà ní, "Pẹ̀lẹ́ o, ṣọ́jà!"

Nítorí náà, ẹ̀yìn ni kí o tò sí. Bí o ò bá lè bá ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ sọ̀rọ̀ bí ẹ ṣe ń sáré, dẹ̀rìn. Fi orúnkún kanlẹ̀ ṣe pọ́ǹpù: márùn-ún tó gún sàn ju ogún játijàti. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ti tó.

Sọ fún ọ̀gá pé ẹni tuntun ni ọ́. Bó bá fi ọ́ ṣẹ̀sín, wá ẹgbẹ́ mìíràn.