Ẹ Bi Wá: Ọmọ fẹ́ wálé, ìwé ìgbélùú ò tíì jáde

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Òkè-Fìà níbí l'Óṣogbo ni mò ń gbé. Ìyá tó bí mi papòdà lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọjọ́ náà gan-an la sin wọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wa ṣe wí, fídáù ọjọ́ ogójì ló wá kù, àwọn ẹ̀gbọ́n mi sì ti ní gbogbo ọmọ àti ọmọọmọ gbọ́dọ̀ pé. Ọmọ mi obìnrin wà ní Leeds, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ń ṣe níbẹ̀, ìyá yìí ló sì tọ́ ọ dàgbà, ẹkún ló ń sun sórí fóònù lójoojúmọ́. Físà rẹ̀ ló fẹ́ parí ló bá ápláì pé kí wọ́n fi ọdún kún un fóun, wọn ò tíì dá a lóhùn, ó ní ẹ̀rù ń ba òun láti jáde. Ọmọ àbúrò mi tó wà ní Houston wá ń sọ pé kò sí nǹkan tó máa ṣẹlẹ̀, pé òun náà wálé nígbà tí ìwé òun ò tíì jáde, ìwé kékeré kan báyìí lòun gbà. Ta ni kí n gbà gbọ́? Àwọn ẹbí ti ń sọ pé ọmọ mi ti di òyìnbó.
Bàbá kan, Òkè-Fìà

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Kí Ọlọ́hun ṣàforíjìn Màmá, kó fi àlùjánńà kẹ́ wọn.

Ọmọ yín ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó jáde títí èsì á fi dé. Ọmọ tó wà ní Houston ò parọ́ o, òfin Amẹ́ríkà ló mọ̀, ìlú ọba ní tiwọn, wọn ò sì jọra rárá. Nílùú ọba, ẹni tó bá ti kọ̀wé pé òun fẹ́ máa gbé ibẹ̀ lọ, tó wá jáde kí èsì tó dé, ọjọ́ tó jáde yẹn gan-an ni wọ́n ti máa kà á pé ó ti fọwọ́ ara ẹ̀ fa ìwé yẹn padà. Ireland àti àwọn erékùṣù tó wà nítòsí wọn, ìyẹn Isle of Man àti Channel Islands, nìkan ni wọn ò kà sí ìta. Wọn ò ní bi í pé kí ló gbé e lọ, ì báà ṣe òkú, ì báà ṣe ìgbéyàwó.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bi í lálẹ́ òní ni pé ọjọ́ wo gan-an ni físà àtijọ́ yẹn ń parí, àbí ó ti parí? Torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Tí kò bá tíì parí tó wá jáde, ìwé tuntun tó kọ ló máa bọ́, owó rẹ̀ á sì lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì lè fi èyí tó kù lọ́wọ́ ẹ̀ wọlé padà kó tún lọ ápláì. Àmọ́ tó bá ti parí, òfin kan tí wọ́n ń pè ní Section 3C ló gbé e dúró níbẹ̀ báyìí, inú òfin ìwọ̀lú wọn ti ọdún 1971 ló wà, ó ní níwọ̀n ìgbà tẹ́nì kan bá ti ápláì kí físà ẹ̀ tó parí, kó máa gbé kó sì máa ṣiṣẹ́ lọ bó ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀ títí wọ́n á fi dá a lóhùn. Bó bá ṣe jáde báyìí, ààbò yẹn ti tán nìyẹn, kò sí físà kankan tó máa fi padà.

Ibi tó wá dùn mí jù ni iṣẹ́ tẹ́ ẹ lọ́mọ yín ń ṣe. Láti 22 July 2025 ni wọ́n ti ti ilẹ̀kùn físà iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó mọ́ àwọn tó bá máa ti òkèèrè ápláì, àwọn tó ti wà nínú ìlú ni wọ́n ṣì ń fi ọdún kún un fún. Ṣé ẹ rí i báyìí? Tó bá wálé nígbà tí físà ẹ̀ ti parí, iṣẹ́ tó ń ṣe yìí gan-an, kò ní lè ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ padà, bí àwọn ọ̀gá ẹ̀ tiẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́. Gbogbo ọdún tó ti fara ṣiṣẹ́ níbẹ̀, torí fídáù ọjọ́ kan! Mi ò rò pé Màmá fúnra wọn á fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ bá àwọn ẹ̀gbọ́n yín sọ ọ́ báyìí, kẹ́ ẹ jókòó sọ ọ́ ni o, ẹ má fi í ránṣẹ́ lórí fóònù. Òkú ti wọlẹ̀. Ọ̀pọ̀ àfáà ló máa sọ fún yín pé ọjọ́ ogójì kì í ṣe dandan nínú ẹ̀sìn, àdúrà ọmọ sì ń dé ibi tó ń lọ láti Leeds. Kó fi owó sàárà ránṣẹ́, kẹ́ ẹ gbé fídíò kọ́ọ̀lù síwájú àfáà kó lè ṣe àmín pẹ̀lú gbogbo ilé, tí ìwé ẹ̀ bá jáde kó wá dúró nídìí sàréè ìyá ẹ̀ kó sunkún dáadáa. Ẹni tó bá ní ó ti di òyìnbó, ẹ̀yin bàbá ẹ̀ ni kẹ́ ẹ dá a lóhùn, ẹ má jẹ́ kí ọmọ yẹn nìkan máa gbé e rù.

Tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n lè bá òun yára sí i torí ọ̀fọ̀, kó lọ bá lọ́yà tàbí agbaninímọ̀ràn tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Immigration Advice Authority, àwọn tí wọ́n ń pè ní OISC títí di 2025, kì í ṣe ẹnikẹ́ni tó ń dá owó gbà lórí WhatsApp, òfin ò tiẹ̀ gbà fún ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ láti máa gbani nímọ̀ràn níbẹ̀. Wọ́n lè bá a kọ̀wé, kì í ṣe dandan kí Home Office, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń fún wọn ní físà, gbà. Nígbà tí èsì bá sì dé, kò sí káàdì mọ́ o, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni físà wà báyìí, eVisa ni wọ́n ń pè é. Tó bá ti gba pásípọ́ọ̀tù tuntun láàárín ìgbà yìí, kó fi nọ́ńbà rẹ̀ sínú àkáǹtì UKVI rẹ̀, ìyẹn àkáǹtì orí íntánẹ́ẹ̀tì tí eVisa náà wà, kó tó wá, kí àwọn ọlọ́kọ̀ òfurufú má baà dá a dúró ní Lagos nígbà tó bá ń padà.

Ìbéèrè: Aláṣọ ni mí l'Ọ́jà Ọba. Ọmọ mi ọkùnrin wà l'Ámẹ́ríkà, físà àlejò ló fi wọlé, ó ti parí tipẹ́, ó wá fẹ́ ọmọ ibẹ̀, wọ́n ti fi ìwé gríìnkáàdì sílẹ̀. Wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún mi, mo fẹ́ kó wà níbẹ̀. Ṣé kó máa bọ̀?

Ìdáhùn: Màmá, kó má tíì bọ̀. Ìwé tí ọmọ Houston lókè yẹn gbà ni advance parole, ìwé àṣẹ láti jáde kéèyàn sì padà wá nígbà tí gríìnkáàdì ò tíì jáde, fọ́ọ̀mù I-131 ni wọ́n fi ń tọrọ ẹ̀, kó sì tó gbéra ló gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀, kó fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ nìkan ò tó. Láìsí i, bó bá ṣe jáde, wọ́n á gbà pé ó ti pa I-485 tó fi ń tọrọ gríìnkáàdì tì. Àwọn tó ní físà iṣẹ́ bíi H-1B tàbí L-1 tó ṣì dára ni wọ́n yọ̀ọ̀da fún, ọmọ yín ò sí lára wọn.

Tiẹ̀ tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá pẹ́ níbẹ̀ láìní ìwé ju 180 ọjọ́ lọ tó wá jáde, ọdún 3 ni wọn ò ní jẹ́ kó wọlé, tó bá pé ọdún kan, ọdún 10. Lóòótọ́ ni ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lórí ọ̀rọ̀ ìwọ̀lú wọn sọ ní 2012 pé ìjáde ẹni tó fi advance parole lọ kò mú ìjìyà ọdún 10 yẹn wá, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀gá tó dúró sí éèpọ́ọ̀tù ni wíwọlé ṣì wà. Láti 1 January 2026 ni Amẹ́ríkà sì ti dá físà tí wọ́n fi ń lọ gbé ibẹ̀ dúró fún ọmọ Nàìjíríà, ẹni tí ìwé tibẹ̀ bá bọ́ mọ́ lọ́wọ́ kò ní rí ọ̀nà gbà láti Lagos.

Wọ́n máa ń gba ẹ̀bẹ̀ kánjúkánjú lórí advance parole fún àìsàn líle àti ikú, pẹ̀lú lẹ́tà dókítà. Iṣẹ́ abẹ ojú tí wọ́n ti dá ọjọ́ sí, mi ò rò pé ó yẹ kó fi gríìnkáàdì ta tẹ́tẹ́ torí ẹ̀. Ẹ mú ọmọ tàbí àbúrò tó wà nílé dání lọ, kí tòkèèrè máa fi owó oògùn ránṣẹ́.

Ìbéèrè: Ọmọ mi ní Hamburg, ní Jámánì, ń dúró de káàdì ìgbélùú tuntun, Fiktionsbescheinigung, ìwé tí wọ́n ń mú dání títí káàdì á fi jáde, ni wọ́n fún un. Ṣé ó lè fi wálé wá ṣègbéyàwó?

Ìdáhùn: Kó wo inú ìwé náà, ibi tí wọ́n ti máàkì. Tó bá jẹ́ abala 81 òfin ìgbélùú wọn, ìpínrọ̀ 4 ni wọ́n máàkì, ó lè jáde kó sì padà wọlé, tó bá jẹ́ ìpínrọ̀ 3, kó jókòó. Kó yẹ ọjọ́ tí ìwé yẹn ń parí wò kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, kó sì mú un dání pẹ̀lú pásípọ́ọ̀tù àti káàdì àtijọ́.